Orúkọ Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Adédoyin

Àwọn ọmọdé àdúgbò ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Oníbàlúù. Kì í ṣe pé Adédoyin ní bàlúù; kò tilẹ̀ ní kẹ̀kẹ́. Àmọ́ ní gbogbo ojú ọ̀nà tó ti àárín ìlú Ìkọ̀lé lọ sí ìhà Ọ̀yẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣàlàyé fún ọ ìdí tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn bọ́ bàtà kó tó kọjá sídìí bàlúù, tàbí ìdí tí etí fi ń di èèyàn lójú sánmà. Ó ti jókòó sẹ́yìn káńtà tíkẹ́ẹ̀tì l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ aró, títí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó gbà á síṣẹ́ fi kógbá sílé, tí wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀ ná.

"Ná" yẹn ló di ọdún kan, ló di méjì. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọkọ rẹ̀, Ìbíkúnlé, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀gbìn, wá sí Ìkọ̀lé tí í ṣe ìlú bàbá rẹ̀, Adédoyin di ẹrù, ó tẹ̀lé e. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré síwájú ilé, ó ń ta mínírà tútù àti káàdì ìpè. Nǹkan ń lọ bó ti yẹ. Ebi ò pa wọ́n. Àmọ́ nígbà mìíràn, bí ó bá ń ka ṣéńjì fún ọlọ́kadà kan, ó máa ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bíi ti àtijọ́, ohùn tó fi ń kí èrò: "Ẹ káàárọ̀, níbo lẹ̀ ń lọ lónìí?" Á sì ka ṣéńjì náà tán, nítorí kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan.

Ní ọdún 2005, lẹ́yìn ìkórè kòkó, ó gbọ́ ìkéde kan lórí rédíò. Iléeṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń jẹ́ Ìyẹ́ Idì ń wá àwọn tó máa ṣojú fún un ní àwọn ìlú Èkìtì. Wọ́n ní iṣẹ́ ìrìn-àjò ni, wọ́n sì ní èèyàn lè ṣe é láti inú pálọ̀ ara rẹ̀. Adédoyin pa sítóòfù tí ìkòkò wà lórí rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó lọ bá wọn ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyí, ẹni fífanimọ́ra kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, dúró níwájú, ó sì là á yé wọn. Ẹni tó bá sanwó yóò ra ẹ̀tọ́ láti máa jẹ́ orúkọ Ìyẹ́ Idì ní ìlú rẹ̀. Wọn yóò gbé pátákó ńlá wá fún un, wọn yóò kọ́ ọ níṣẹ́, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tó máa gbé kọ́ ògiri. Bí èèyàn bá fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, kó pè wọ́n l'Ékòó. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á sì yọ tirẹ̀ fún un. Ìlú kan, aṣojú kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ìlú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyí gbọ́ ibi tí Adédoyin ti ṣiṣẹ́ rí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀yin gan-an la ń wá, ma. Ẹ̀yin lẹ máa ni Ìkọ̀lé."

Nínú tásíì tó gbé e padà, Adédoyin ti ń fojú inú wo pátákó náà níwájú ilé wọn. Ó ti yan ibi tí tábìlì máa wà. Ó ti tún aṣọ iṣẹ́ rán.

Ìbíkúnlé ń fọ ewúro nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ó ń fún un lórí awo fún ọbẹ̀ alẹ́, nítorí ọkùnrin tó máa ń wọ ilé ìdáná láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó nu ọwọ́.

"Ìyá Ìrètí," ló wí, orúkọ ọmọ wọn ló máa ń fi pè é, "mélòó ni àwọn tó ń wọ bàlúù ní Ìkọ̀lé?"

"Wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, Bàbá Ìrètí. Ta ni kò ní ọmọ lókè òkun báyìí? Àwọn tó ń lọ Jerúsálẹ́mù ńkọ́? Àwọn ọmọ tó ń lọ sìnrú ìlú l'Ókè Ọya ńkọ́?"

"Mi ò ní kí o má ṣe é. Owó tí o fi pamọ́ ni, ìwọ lo fi ọjọ́ ayé rẹ ṣiṣẹ́ fún un. Orúkọ yẹn ni mo ń rò. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wo ló mọ Ìyẹ́ Idì nílé wa níbí?"

Adédoyin fa awo ewúro náà sọ́dọ̀, ó ń fún un. Ó bínú díẹ̀, kì í ṣe sí ọkọ rẹ̀, bí kò ṣe sí ìbéèrè náà, nítorí pé ìbéèrè tó dára ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Elizabeth sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìsàn ló ti wá, eruku ọ̀nà ti fi gèlè rẹ̀ ṣe ilé. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbin iṣu ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Elizabeth, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù méje. Àna ìyá náà ti bá a ṣe ìwé ìrìnnà, físà ti jáde, wọ́n sì ti fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ohun tó kù ni kí ìyá lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo mọ uṣẹ́ bàlúù," ni ìyá wí. "Bá mi sọ fún Elizabeth pé n kò lọ mọ́."

"Kí ló dé, Màmá?"

Ìyá náà kọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Lẹ́yìn náà ó ní ta ni yóò máa bu omi fún adìẹ òun. Nígbà tó mu mínírà dé ìdajì ni òótọ́ wá jáde. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò mọ̀wé. Wọ́n ti sọ fún un pé èèyàn máa sọ̀kalẹ̀ nínú bàlúù kan, á wá òmíràn wọ̀ ní ìlú tí kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Bí òun bá sọ nù ńkọ́? Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n òun nínú òfuurufú ńkọ́? Bí ọlọ́pàá òyìnbó bá bi òun léèrè ọ̀rọ̀, tí òun kò lè dáhùn, ṣé wọn kò ní ti òun mọ́lé?

"Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ méjì," ni ìyá wí, "ẹ̀rù kò tíì bà mí báyìí rí. Ó sì ń tì mí lójú."

Adédoyin ti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbàágbèje èèyàn, àmọ́ ẹ̀yìn káńtà ló máa ń wà. Kò sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ rí tó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó fa ìyá náà lọ́wọ́ wọnú pálọ̀. Ó to àga oúnjẹ wọn ní ìlà méjì, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín. Ó mú ìgbànú ṣòkòtò Ìbíkúnlé, ó fi de ìyá mọ́ àga, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó júwe ilé ìtọ̀ inú bàlúù fún un, bó ṣe há tó, bó ṣe máa ń han bíi pé ó fẹ́ gbé èèyàn mì tí wọ́n bá fomi ṣàn án. Ìyá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìgbànú mú.

Ìbíkúnlé ti ibi iṣẹ́ dé bá wọn níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jókòó sídìí tábìlì, kó di òyìnbó tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọkùnrin náà fi awò sójú, ó fa ojú ro.

"Màmá, kí lẹ wá ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù?"

"Mo wá wẹ ọmọ."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ọmọ mi ni o, ìwọ ọkùnrin yìí! Ṣé ọmọ tìrẹ ni n ó wá wẹ̀?"

Ìbíkúnlé kò lè ṣe òyìnbó mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ nígbà tí ìyá ń lọ, ó ní òun á padà wá ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí òyìnbó yẹn tún bi òun léèrè. Ó sì padà wá.

Láàárín ìgbà náà ni Ìyẹ́ Idì pe àwọn tó fẹ́ ra orúkọ sí Èkó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí oníkálukú lè rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ kó tó sanwó. Adédoyin mú ọ̀rọ̀ Ìyá Elizabeth dání lọ. Ọ́fíìsì wọn mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, kọ̀ǹpútà wà lórí gbogbo tábìlì. Nígbà tó rí àwọn ọmọbìnrin tó jókòó sídìí wọn, inú rẹ̀ rọ̀. Ó dà bí ẹni tó padà sílé ìyá rẹ̀.

Wọ́n kọ́ wọn ní ohun púpọ̀, òmíràn nínú rẹ̀ sì wúlò. Àmọ́ nígbà tó bèèrè fún bàlúù tí kò ní í dúró lọ́nà fún obìnrin àgbà tí kò mọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyí wo kọ̀ǹpútà, ó ní ọ̀nà tí àwọn ti bá iléeṣẹ́ bàlúù dúnàádúrà lé lórí ni kí gbogbo aṣojú máa tà. Ọ̀nà náà dúró ní ìlú méjì. Ó sì gba kí èèyàn sùn sórí àga ní ibì kan di ọjọ́ kejì.

"Àgbàlagbà ni, ẹ̀gbọ́n," ni Adédoyin wí. "Ẹ̀rù ń bà á."

"Ma, tíkẹ́ẹ̀tì là ń tà. Bó ṣe máa débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn wà." Kò fi ìkanra sọ ọ́. Ohùn ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó tún fi kún un pé bí àwọn èèyàn bá ń bèèrè nípa físà, kí aṣojú kàn sọ pé ó dájú. "Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ́mbásì ló kọ̀ ọ́, kì í ṣe àwa."

Adédoyin bi í bóyá òun lè máa gba tíkẹ́ẹ̀tì níbòmíràn nígbà tí ti Ìyẹ́ Idì kò bá bá ẹni náà mu. Ó ní ó tì o, orúkọ kan, ilé kan. Ó rán an létí pé òpin oṣù ni wọn yóò máa gba owó Ìkọ̀lé mọ, nítorí ẹlòmíràn ti ń bèèrè.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sí Èkìtì, ó jókòó ti ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, Ọpẹ́yẹmí, ọmọ Ìdó, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà níbẹ̀, tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọpẹ́yẹmí ní òun á san tòun.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ma?"

"Ọkàn mi ò tíì lọ síbì kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún ń bẹ̀rù rẹ̀."

Nígbà tí ọkọ̀ kọjá Iléṣà, Ọpẹ́yẹmí yíjú sí i. "Ẹ jẹ́ n bi yín, ma. Ìyá tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, báwo ló ṣe mọ̀ yín?"

"Wọ́n ṣáà sọ fún un ní Ìsàn pé kó wá mi wá."

"Ẹ rí i? Kò sí ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó wá èmi wá. Bí mo bá gbé pátákó kọ́ lọ́la pé mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ṣé ọmọ tó ń tẹ ìwé yìí náà ni. Orúkọ Èkó yẹn ni wọ́n á wò mọ́ mi lára. Èmi ò ní orúkọ, mo gbọ́dọ̀ ra ọ̀kan. Ẹ̀yin ti ní, ma."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó sì sùn lọ. Adédoyin kò sùn. Ó ń wo àwọn òkè bí wọ́n ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Pátákó náà kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ó wù ú. Ìwé ẹ̀rí wù ú, ọ́fíìsì tútù wù ú. Kì í ṣe owó nìkan ni iléeṣẹ́ àtijọ́ bá a kó lọ nígbà tó kógbá sílé. Ó tún bá a kó ọ̀nà tó fi ń nàró nígbà tó bá ń rìn lọ. Ìyẹn ló rò pé Ìyẹ́ Idì fẹ́ tà padà fún òun.

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó délé. Lọ́jọ́ kejì ó pe Ọláyínká, obìnrin tí wọ́n jọ jókòó sí káńtà l'Ékòó, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìrìn-àjò kan ní Ìbàdàn báyìí.

"Doyin! Ìwọ rèé? Mo rò pé o ti di àgbẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ kí n dà á. Bí mo bá ní ẹni tó fẹ́ rìn, ṣé o lè bá mi gé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́? Ọ̀gá mi á yọ tìrẹ fún ọ, kò ní tó ohun tó ń wọ àpò tẹni tó ní ọ́fíìsì o. Kò sí pátákó, kò sí ìwé ẹ̀rí. Àmọ́ ọ̀nà tó bá wù ọ́ lo lè mú."

"Àti bàlúù tó ń lọ tààrà? Ìyá àgbàlagbà ni."

"Àti àga onítáyà tí wọ́n á fi gbé màmá rẹ dé ẹnu ọ̀nà bàlúù, tí wọ́n á tún gbé e dé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Adédoyin kò gbàgbé. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà tó ti kúrò ní káńtà, kò sí ẹni tó bi í.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń jẹ iyán, ó sọ fún Ìbíkúnlé pé òun kò ní í ra orúkọ náà. Ọkọ rẹ̀ dá òkèlè dúró.

"Ṣé nítorí ohun tí mo sọ ni? N kò fẹ́ kí o dì í sí mi lọ́rùn lẹ́yìnwá ọ̀la."

"Kì í ṣe nítorí yín. Wọ́n ní kí n máa sọ fún èèyàn pé físà dájú. Bí ọmọ ará Ayégbajú kan bá ta oko bàbá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, tí físà kò jáde, Èkó kọ́ ló máa wá. Ẹnu ọ̀nà wa níbí ló máa wá."

Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó kàn ní, "Ma, bí ẹlòmíràn bá gbé pátákó wa kọ́ ní Ìkọ̀lé, ẹ máa kábàámọ̀."

"Ó ṣeé ṣe," ni Adédoyin dáhùn. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń to ìgò mínírà tó ti tò tẹ́lẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá òun ti sá fún ewu ni tàbí òun ti sá fún oríire.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú Ìyá Elizabeth lọ sí pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó. Ìyá wọ aṣọ òfì, ó wọ súwẹ́tà lé e lórí, ó di èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí sínú àpò, pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá ló sì fi yọ ìgò àgbo kan tí Adédoyin ní kó fi sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àga onítáyà wá. Ìyá wò ó, ó ní òun kì í ṣe arọ. Adédoyin bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí pé ọba nìkan ni wọ́n máa ń gbé, àwọn mẹ̀kúnnù ló ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyá bá jókòó, ó tún gèlè ṣe, ó sì ń juwọ́ sí gbogbo èèyàn títí wọ́n fi gbé e wọlé.

Ọjọ́ kejì, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ariwo ìyá gba gbogbo etí Adédoyin.

"Mo ti dé ulé Elizabeth o! Òyìnbó yẹn bi mí gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ ṣe bi mí. Elizabeth kọ́ ló gbà mí, èmi fúnra mi ni mo dá a lóhùn!"

"Kí lẹ sọ fún un, Màmá?"

"Mo gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́nu rẹ̀, mo ti mọ ohun tó ń bi; mo na ọwọ́ mi sí i, mo ṣe bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi gbàù!"

Adédoyin jókòó sórí kéèsì mínírà, ó sunkún díẹ̀, ó sì padà ta káàdì fún ẹni tó ń dúró.

Nǹkan kò yí padà lọ́jọ́ kan. Oṣù ń kọjá tí kò sí ẹyọ èèyàn kan tó ń rìn, ṣọ́ọ̀bù ló ṣì ń bọ́ wọn. Ìgbà kan wà tó sọ fún ọ̀dọ́kùnrin kan pé ìwé rẹ̀ kò lè gba físà, ọmọ náà sì bú u pé ìlara ló ń ṣe é. Àmọ́ Elizabeth ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri láàárín àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lọ́hùn-ún. Ìyá kan wá láti Ayégbajú. Ìyá méjì wá láti Àsin, àwọn méjèèjì ń lọ sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn jà nínú pálọ̀ Adédoyin lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ayàwòrán kan ní Ìkọ̀lé bá a kọ pátákó kékeré kan. Orúkọ Adédoyin àti iṣẹ́ tó ń ṣe nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò wá gbé pátákó Ìyẹ́ Idì kọ́ ní Ìkọ̀lé. Ní Ìdó, ti Ọpẹ́yẹmí wà lórí òpó gíga, ó sì ń rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn dókítà ìlú náà ló ń bá a rajà. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ pe Adédoyin lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Ìrètí, mo ní bàbá kan níbí tó fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Abidjan. Mo ti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, kò fẹ́ wọ bàlúù mọ́. Wọ́n ní ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rù kúrò lára èèyàn. Ẹ bá mi wá, màá san tiyín."

Ìbíkúnlé, tó wà nítòsí, ti ń nu awò ojú rẹ̀. "Bi í bóyá Faransé ni n ó fi bi bàbá náà léèrè," ló wí.